Àwọn onífíìmù já wọ oko àgùntàn mi lójijì: ṣé àwọn ló ba oyún ẹran mi jẹ́?

Ìbéèrè tí ìyá kan fi ránṣẹ́ láti Àkúrẹ́ rèé: “Ojú ọ̀nà Ìdànrè ni oko mi wà. Àgùntàn 58 ló wà níbẹ̀, ti ilẹ̀ wa kúkúrú ló pọ̀ jù, 14 nínú wọn ló lóyún. Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, mo lọ síbi ìnáwó kan ní Oǹdó. Kí n tó dé, àwọn onífíìmù bí 15 ti já wọ oko, ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ sì ṣílẹ̀kùn fún wọn. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n fò dúróònù. Òṣèré obìnrin kan gbé ọmọ àgùntàn tí wọ́n bí ní ìdájí ọjọ́ náà mọ́ra fún bíi wákàtí méjì. Wọ́n tún so àgbò kan tí wọ́n yá lọ́jà ẹran mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé ẹran mi, wọ́n ní ìwo tèmi kò gùn tó. Wọ́n fi 20,000 náírà sílẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ Ajé, oyún abo kan wálẹ̀, ọmọ inú rẹ̀ ti gbẹ, ó dúdú bí ẹran tí a yan. Ìyá ọmọ tí wọ́n gbé kò jẹ́ kó mu ọmú mọ́, fídà la fi ń bọ́ ọ. Abo olóyún méjì kò sì jẹun dáadáa. Wọ́n ní àwọn fẹ́ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ méjì. Ṣé àwọn ló fa gbogbo èyí? Ṣé kí n gbà fún wọn?”

Màmá, ẹ kú ọ̀rọ̀ àwọn ẹran. Ohun mẹ́ta lẹ kó pọ̀, ẹ sì di gbogbo rẹ̀ lé àwọn onífíìmù lórí. Ìwọ̀n là á bá ẹni ṣọ̀tá mọ. Oyún tó wálẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹjọ́ wọn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kọ̀, ẹjọ́ wọn ni. Àwọn olóyún méjì tí kò jẹun, ó lè jẹ́ wọn, ó sì lè má jẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó bani lẹ́rù jù nínú ohun tí ẹ kọ, ẹ kàn mẹ́nu bà á kọjá ni: àgbò tí wọ́n yá lọ́jà.

Ọjà ẹran ni àrùn tí a ń pè ní kata, tí àwọn dókítà ń pè ní PPR, ti máa ń bá ẹran wọ oko. Inú ikun imú, omi ojú, itọ́ àti ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé, ẹran sì lè máa tú u jáde kí àìsàn tó hàn lára rẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí “àgbò náà sanra, ara rẹ̀ ń dán” kò fi jẹ́ ẹ̀rí kankan. Bí ó bá fi imú kan imú tiyín láàárín pákó, tàbí tí wọ́n jọ mu omi nínú ọpọ́n kan, ó ti tó. Láti ọjọ́ tí ẹran bá kó o, ọjọ́ 3 sí 6 ni ibà sábà máa ń gbà kó tó yọjú, ó sì lè tó ọjọ́ 10. Ibà ló máa ń kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ojú àti imú á máa ṣomi, omi náà á ki títí á fi lẹ ìpéǹpéjú pọ̀, egbò á yọ sí ètè àti erìgì, ẹnu á máa rùn, ìgbẹ́ gbuuru àti ikọ́ á sì tẹ̀ lé e. Kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò yìí fúnra rẹ̀. Èyí tí dókítà ẹran máa ń fún wọn wà fún àwọn àrùn mìíràn tó máa ń gorí rẹ̀, pàápàá nínú ẹ̀dọ̀fóró. Kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n ó lè kó agbo ẹran lọ.

Nítorí náà, láti òní, ẹ má tà, ẹ má rà, ẹ má sì yá ẹnikẹ́ni lẹ́ran títí ọjọ́ 21 yóò fi pé sí Sátidé yẹn. Ẹ ya àwọn tó wà ní apá ibi tí wọ́n so àgbò náà mọ́ sọ́tọ̀, kí wọ́n ní ọpọ́n omi tiwọn, kí ẹni tó ń bọ́ wọn sì bọ́ àwọn yòókù ṣáájú kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ ra tẹmómítà tí a óò fi sílẹ̀ fún ẹran nìkan. Láàárọ̀ kùtùkùtù kí oòrùn tó mú, ẹ fi òróró díẹ̀ pa orí rẹ̀, ẹ tì í wọ ihò ìdí ní bí íǹṣì méjì, ẹ gbè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó kan ara ìfun kó má baà jẹ́ pé àárín ìgbẹ́ ló wà, ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú kan. Ara àgùntàn tó dá pé máa ń wà láàárín 38.5 sí 39.5 lórí ìwọ̀n Celsius. Kata máa ń gbé e dé 40 sí 41. Bí ẹ bá ti gún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára PPR láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀, torí ẹ̀ẹ̀kan péré ń dáàbò bò wọ́n fún ó kéré tán ọdún mẹ́ta. Ilé ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, lẹ́bàá Jos, ló ń ṣe é. Ẹ ka àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí ẹ gún un sí ẹni tí kò gbà á. Bí ẹ kò bá gún un rí, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ó máa tó bí ọ̀sẹ̀ méjì kí agbára rẹ̀ tó dúró lára ẹran, kò sì lè gba èyí tó ti kó àrùn náà sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan fún ẹran kan. Ẹni tó bá ń fi abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo gún gbogbo agbo lásìkò báyìí, òun gan-an ló ń pín àrùn.

Ní ti oyún tó wálẹ̀: ọmọ inú tó gbẹ, tó dúdú, kì í ṣe òkú ọjọ́ méjì. Bí ọmọ bá kú nínú ìyá rẹ̀ lónìí tó sì jáde lọ́la, ara rẹ̀ á ṣì tutù yọ̀yọ̀, irun rẹ̀ á dúró. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, ara á rọ̀, irun á máa tú. Kí omi ara rẹ̀ tó gbẹ tán tí á fi wá dà bí ẹran yíyan, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti kọjá. Ọmọ yẹn ti kú kí olùdarí eré tó mọ ọ̀nà oko yín. Eré sísá ọjọ́ Sátidé lè ti mú kó tètè jáde, àmọ́ kò pa á. Èyí ṣe pàtàkì ju kí ẹ mọ ẹni tí ẹ óò dá lẹ́bi lọ, torí ohun tó pa á lè ṣì wà nínú oko. Kòkòrò àrùn kan tí wọ́n ń pè ní Toxoplasma wà lára ohun tó sábà máa ń fi ọmọ gbígbẹ hàn báyìí, inú ìgbẹ́ ológbò ló sì ti ń wá. Bí ẹ bá ń sin ológbò nítorí eku nínú ilé oúnjẹ ẹran, tí ọmọ ológbò sì ń yàgbẹ́ sínú àpò bàbà tàbí èèpo pákí, ẹ wá nǹkan bo oúnjẹ náà kíákíá. Àwọn àrùn mìíràn náà ń ba oyún àgùntàn jẹ́, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú lásán tàbí ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yà wọ́n sọ́tọ̀. Ibi àyẹ̀wò ló ti ń yanjú. Bí ẹ bá ṣì mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ náà sí, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà gba ẹ̀jẹ̀ ìyá. Bí òmíràn bá tún wálẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ kó ọmọ àti ibi-ọmọ sínú ọ̀rá mímọ́ méjì, ẹ gbé e sínú kúlà oníyìnyín, ẹ gbé e lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà. Kí obìnrin tó lóyún má ṣe sún mọ́ iṣẹ́ yẹn rárá, torí púpọ̀ nínú àwọn àrùn wọ̀nyí ló ń wọ ara ènìyàn. Abo tó ṣẹ́yún gbọ́dọ̀ dá wà fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, títí omi tó ń jáde lójú ara rẹ̀ yóò fi dá.

Ọmọ tí wọ́n gbé, ẹ̀rí tirẹ̀ dúró gbọnin. Imú ni abo àgùntàn fi ń mọ ọmọ rẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀ tí ó bí i, bó ṣe ń lá a, tó ń gbóòórùn ìdí àti ìrù rẹ̀, ó ń kọ òórùn náà sórí. Lẹ́yìn náà ó máa fi orí ti gbogbo ọmọ tí òórùn wọn bá yàtọ̀. Ìdájí ni wọ́n bí ọmọ yìí, àárọ̀ ni wọ́n gbé e. Wákàtí tí ìyá yẹ kó fi mọ̀ ọ́n gan-an, ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti nù ún kó lè mọ́ lójú kámẹ́rà, lọ́fíńdà, páúdà àti ìpara ti gorí irun rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá a padà, àlejò ni lójú ìyá rẹ̀. Wàrà àkọ́kọ́ tó ki bí oyin tún ni ọmọ pàdánù nínú irú wákàtí bẹ́ẹ̀, òun ló sì gbé ààbò ara wọ inú ọmọ. Wákàtí mẹ́fà àkọ́kọ́ ló dára jù fún un. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, ìfun kò lè gbà á mọ́. Bí a kò bá mọ̀ bóyá ọmọ náà mu díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e, ẹ máa ṣọ́ ìdodo rẹ̀ àti oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí oríkèé bá wú tó sì gbóná, ẹ pe dókítà.

Ẹ ṣì lè gbìyànjú láti dá wọn padà fún ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ ti lọ díẹ̀, mi ò sì ní sọ pé ó dájú. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ọmú ìyá wò. Bí ó bá le, tó gbóná, tí wàrà rẹ̀ sì ní ìdì tàbí ẹ̀jẹ̀, ìtọ́jú ọmú ló ṣáájú. Bí ọmú bá dára, ẹ kó ìyá àti ọmọ sínú ọgbà kékeré bí ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 5, ẹ so ìyá mọ́ ògiri lọ́rùn lọ́nà tí ó lè dìde, kó dùbúlẹ̀, kó jẹun, ṣùgbọ́n tí kò lè yíjú kan ọmọ. Ẹ fún wàrà ìyá náà jáde díẹ̀, ẹ fi pa ìdí, ìrù àti ẹ̀yìn ọmọ, kí òórùn ara ìyá lè máa jáde lára ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin sí márùn-ún lójúmọ́, kí ẹnì kan di ìyá mú kí ọmọ mu. Ẹ ṣe é fún ọjọ́ 3 sí 5. Bí ó bá ṣì ń kàn án lẹ́yìn náà, ẹ má fi ọmọ wewu, fídà ló kù. Ọmọ tó wọn kílò méjì nílò bí mílílítà 300 sí 400 lójúmọ́, tí a pín sí ìgbà márùn-ún, kí wàrà lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ara ẹran. Wàrà màlúù tàbí ti ewúrẹ́ tí a sè tí a jẹ́ kó rọlẹ̀ dára ju oníyẹ̀fun ọmọ ènìyàn lọ. Kí ọmọ dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó bá ń mu, kó gbé agbọ̀n sókè díẹ̀. Ẹni tó bá tẹ́ ẹ sórí itan bí ọmọ ènìyàn ń da wàrà sí i lẹ́dọ̀fóró ni.

Àwọn olóyún méjì tí kò jẹun, ẹ má fi wọ́n falẹ̀ dọ̀la. Oṣù márùn-ún ni oyún àgùntàn, ní oṣù tó gbẹ̀yìn ni ọmọ sì ń dàgbà jù. Bí ìyá, pàápàá tó bá gbé ìbejì, kò bá jẹun fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ̀rá inú rẹ̀ fi ṣe agbára, májèlé tó ń jáde nínú ọ̀rá náà á sì kun ẹ̀jẹ̀. Á dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa wa eyín pọ̀, á fi orí ti ògiri, èémí rẹ̀ á máa ní òórùn dídùn kan tí kì í ṣe ti ẹran, á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Tó bá ti débẹ̀, dókítà nìkan ló lè gbà á. Kó tó débẹ̀, ẹ gbé oúnjẹ tó fẹ́ràn lọ bá a níbi tó wà, ewé ọ̀pọ̀tọ́ tàbí àgúnmánìyè tí oòrùn ti pa díẹ̀, bàbà díẹ̀díẹ̀, omi mímọ́ nítòsí. Ẹ sì bi ọmọ ọ̀dọ̀ yín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: kí ni àwọn àlejò fún àwọn ẹran jẹ? Búrẹ́dì, ìrẹsì tó ṣẹ́kù àti àgbàdo lọ́pọ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀kan náà máa ń mú kí inú ṣàkì kan, ikùn á wú, ìgbẹ́ á ṣàn, ẹran á kọ oúnjẹ. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tún burú jù ú lọ, pàápàá èyí tí iyọ̀ ọbẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó máa ń dì mọ́ra nínú ṣàkì, kì í jáde mọ́, oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni ẹran á kàn máa rù. Ẹ fẹsẹ̀ rin gbogbo ibi tí wọ́n ti jẹun, ẹ ṣa ọ̀rá, ìdérí ìgò, bátìrì, pín-ìn-nì àti ègé téèpù. Ẹ wá abẹ́ koríko náà.

Àwọn kan máa sọ fún yín pé kámẹ́rà ló fa ojú ẹran, tàbí pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló ń pa oyún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà tó dúró jẹ́ẹ́ lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, lẹ́yìn ìdajì wákàtí àgùntàn kò rí tirẹ̀ rò mọ́. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni kí nǹkan yí padà lójijì: ohùn tí wọn kò mọ̀, ènìyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, oúnjẹ tó pẹ́, kí a yọ ẹnì kan kúrò láàárín agbo, àti nǹkan tó ń fò lókè. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú àgùntàn wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo àyíká rẹ̀ láìyí ọrùn, àfi ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an. Dúróònù tó bá rọ̀ sílẹ̀ lórí wọn dà bí àwòdì lójú wọn. Wọ́n á fún pọ̀, wọ́n á rọ́ sẹ́nu ọ̀nà kan ṣoṣo, ibẹ̀ sì ni a ti ń tẹ ikùn olóyún mọ́ òpó.

Nísinsìnyí, ṣé kí wọ́n padà wá? Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, rárá. Ẹ sọ ọ́ láìbínú: ọjọ́ 21 kò tíì pé, bí kata bá sì wà nínú oko yín, bàtà, okùn àti aṣọ wọn lè gbé e lọ sí oko tí wọ́n tún máa lò. Bí àwọn abo 13 tó kù bá fẹ́ bí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i, ẹ sún un kọjá ìbí. Kíkọ̀ pátápátá kò burú, oko tó ń ṣiṣẹ́ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní eré. Ṣùgbọ́n tí owó rẹ̀ bá máa ran oko lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe láìpa ẹran lára, bí ẹ̀yin bá jẹ́ ẹni tó ń sọ bó ṣe máa rí.

Ẹ yan abo mẹ́fà tí kò lóyún tí kò sì ní ọmọ lọ́mú, àwọn tó ti máa ń wá jẹun lọ́wọ́ ènìyàn, kí eré mọ sọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí, nínú ọgbà tí ilé ìbí kò sí nítòsí rẹ̀. Àgùntàn kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ dá dúró níwájú kámẹ́rà. Á máa ké, á máa wá ọ̀nà sá lọ. Mẹ́ta ló kéré jù. Kí wọ́n gbé kámẹ́rà àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ó sùn síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ eré, ẹ fún ẹran ní ìdajì oúnjẹ, ẹ tọ́jú ìdajì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n mọ ìró rẹ̀. Ọmọ oko yín, nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, á dúró lẹ́yìn oníkámẹ́rà, á mi bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n á sì rìn wá sí ibi tí olùdarí ń fẹ́. Ìyẹn dára ju kí ènìyàn mẹ́wàá máa lé wọn láti ẹ̀yìn. Aago 6:30 sí 10 àárọ̀, tàbí lẹ́yìn 4:30 ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sán Àkúrẹ́ pẹ̀lú ọ̀rinrin rẹ̀ kì í ṣe àsìkò eré sísá. Ogún ìṣẹ́jú iṣẹ́, ìsinmi lábẹ́ ibòji pẹ̀lú omi. Kí ẹnì kan máa ka bí ìhà wọn ṣe ń lọ sókè sódò fún ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá kọjá 80, tàbí tí ọ̀kan ya ẹnu mí, ẹ dá eré dúró. Jẹnẹrétọ̀ á wà ní ọgbọ̀n mítà síta ọgbà, níbi tí atẹ́gùn kò ti gbé èéfín wọlé. Iná tó máa ń gbóná kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ koríko gbígbẹ.

Ẹranko kankan láti ìta, àgbò tàbí ajá, kò wọlé. Omi apakòkòrò tí ẹ bá gbé sẹ́nu ọ̀nà kò lágbára lórí bàtà tó ní ẹrẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ló ṣáájú, oògùn ló tẹ̀ lé e, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò, ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti dọ̀tí. Bí ẹ bá lè ra bàtà róbà mẹ́fà tí kì í kúrò lóko, ó dára ju ìyẹn lọ, ènìyàn mẹ́fà náà ni kó sì wọ ọgbà ẹran. Àwọn yòókù á dúró síta.

Ẹ kọ gbogbo èyí sínú ìwé kan: ọjọ́, aago, iye ènìyàn, ibi tí wọ́n lè dé, ẹran tí wọ́n lè lò, ẹni tó máa san owó dókítà. Ẹ má dá iye kan látọkàn. Ẹ ṣírò owó iṣẹ́ ọmọ oko yín fún ọjọ́ yẹn, oúnjẹ, apakòkòrò, dókítà tó máa dúró tì yín, kí ẹ tó fi owó ibi tí wọ́n lò lé e. Lọ́tọ̀ sí èyí, kí wọ́n fi iye tí abo méjì ń lọ lọ́jà lọ́jọ́ náà sílẹ̀ bí owó ìdúró, tí ẹ óò dá padà lẹ́yìn ọjọ́ 21 bí nǹkan kan kò bá ṣe ẹran. Fún dúróònù, kí wọ́n fi ìwé ìyọ̀ǹda ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààbò fún Ààrẹ àti ti NCAA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú, hàn yín. Bí wọ́n bá ní kí ẹran rìn lójú títì kí òkè Ìdànrè lè yọ lẹ́yìn wọn, ẹ kọ̀: òfin ìpínlẹ̀ Oǹdó láti ọdún 2021 ka dída ẹran jẹ̀ káàkiri léèwọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ni ẹran ni wọ́n máa mú, kì í ṣe olùdarí. Kí ẹnu ọ̀nà yín, kọ́kọ́rọ́ àti orúkọ àdúgbò má ṣe hàn nínú àwòrán, pàápàá bí Iléyá bá ń sún mọ́lé. Olè náà ń wo fíìmù.

Ẹ má bínú sí ọmọ tó ṣílẹ̀kùn. Ènìyàn 15 pẹ̀lú ọkọ̀ àti ohùn àṣẹ, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dá irú wọn dúró. Ẹ kọ nọ́ńbà yín sára géètì, ẹ ti kọ́kọ́rọ́, ẹ sì fún un ní gbólóhùn kan tó máa sọ: “Ẹ pe ìyá kí n tó ṣí i.” Lọ́la, kí òun àti ẹ̀yin jọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tẹmómítà. Ẹ kọ bí ara ẹran kọ̀ọ̀kan ṣe gbóná tó sínú ìwé, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó sún mọ́ ibi tí wọ́n so àgbò yẹn mọ́. Èyí tó bá ti kọjá 40 láàárọ̀ tútù, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀, kí ẹ sì pe dókítà ẹran kí ẹ tó jẹun àárọ̀.